Gáàsì Ẹ̀rín àti Eyín Rẹ, Kí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tó Dé

Orozo, Abuja.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Rónkẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí sí Abuja,

Mi ò ní béèrè bóyá dáadáa ni o wà, nítorí mo ti mọ ìdáhùn. Túndé ọkọ rẹ ti pè mí. Má bínú sí i. Ó ní ìjókòó ni o ń sùn báyìí, pé o kì í jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kan ìrọ̀rí mọ́, pé bí o bá ń jẹun, apá kan ni o ń fi jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Òun ló sọ ti ewúrẹ́, kì í ṣe èmi. Ó ní o ti dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn eyín lẹ́ẹ̀mejì, o sì yí padà.

Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan eyín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Abaji tí ẹ ń gbé á bàjẹ́ lójijì. Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹran díndín tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, kì í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o ò lè gé e. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá máa ń le fún ọ. Ìwé mẹ́fà péré ni èmi náà kà, nítorí náà a jọ wà nínú rẹ̀ ni. Kà á sókè. Bí o bá kà á sókè, wàá gbọ́ ohùn mi, Túndé náà á gbọ́, kò sì ní sí pé o fo ibì kan.

Kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ná, kí o má baà máa wá a kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ilé ìwé tí o ti ń kọ́ni máa wà ní ìsinmi kékeré, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ilé ìwòsàn eyín tí wọ́n ti tọ́jú èmi náà ní Wuse. Mo ti gba àyè sílẹ̀ fún ọ. Mo san àsansílẹ̀, mo sì béèrè bóyá wọ́n máa ń dá a padà bí èèyàn ò bá wá. Wọn kì í dá a padà. O mọ irú ìyá tí o ní.

Mo ṣàlàyé fún dókítà bí Túndé ṣe sọ ọ́ fún mi, pé ó ti wú dé abẹ́ àgbọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní eyín tó ti ń gba ọyún báyẹn kì í mọ ibi tí yóò dúró, pé ó lè wọ inú ọrùn lọ, kí ó di ohun tí wọ́n ń gbé èèyàn sá lọ sí ọsibítù ńlá fún. Ó ní bí ibà bá bẹ̀rẹ̀, tàbí ẹnu rẹ kò ṣe é yà dáadáa, tàbí itọ́ kò ṣe é gbé mì, tàbí mímí ń le fún ọ, kí ẹ má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun rárá, kí Túndé gbé ọ lọ lójú ẹsẹ̀. Ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Túndé, ìwọ tí ò ń gbọ́, o ti gbọ́.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ padà lẹ́nu géètì. O wà ní praimárì nígbà tí o já bọ́ láti orí jangirófà, tí eyín iwájú ṣẹ́ wọ inú ẹran. Ní ọsibítù tí a gbé ọ lọ, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti mú ibẹ̀, kò sì mú un. Bàbá rẹ di ẹsẹ̀ rẹ mú, nọ́ọ̀sì di ọwọ́, èmi di orí. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nígbà yẹn nìyẹn: kí a dì í mú, kí ó tètè parí. Ó parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni o ti ń la ojú sílẹ̀ bí o bá gbóòórùn oògùn ọsibítù. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún mi náà, kò wúlò fún mi rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀rù náà ní oògùn tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí oògùn eyín. Mo ti lò ó. Ṣùgbọ́n kí n tó lò ó, mo ti ṣìṣe méjì, mo sì fẹ́ kí o kọ́ ọ lára mi kí o má baà san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Èkínní ni oògùn ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo wà ní ọmọge ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, eyín kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nísàlẹ̀. Mo fi aáṣáà sí i. Mo fi ògógóró fọ ẹnu títí tí ọ̀gá mi fi ní òun máa sọ fún bàbá mi pé ọmọ rẹ̀ ti di ọ̀mùtí. Ẹnì kan ní kí n kán omi bátìrì sí i. Mo ti gbé e dé ẹnu kí ọ̀gá tó rí mi, ó gbá a dànù lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ṣé mọ́tò ni ọ́ ni?” Títí dòní, bí mo bá ránṣọ tí kò dáa, ohùn yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ oògùn ìrora ní méjì-méjì. Méjì lónìí, méjì lọ́túnla. Òwú àti síìpù ni mo ń tà lónìí, mo mọ ẹni tó ń ra ẹyọ kan-kan, mo mọ ẹni tó ra páálí. Ẹni tó ń ra ẹyọ kan-kan ló máa ń rò pé òun ò náwó. Nígbà tí eyín yẹn fi máa yẹ̀ lẹ́nu mi, tí ó rún wẹ́wẹ́ bí ìpékeré, ohun tí mo ti ná sórí rẹ̀ tó ohun tí wọn ì bá fi tọ́jú rẹ̀ kí ó sì wà lẹ́nu mi títí dòní. Àlàfo tí o máa ń rí bí mo bá ń yán, òun nìyẹn.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kànáfùrù tí o ń há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, dá a padà sínú ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n dá a fún. Oògùn kémíìsì tí o ń gbé mì kí o tó wọ kíláàsì, ń ṣe ló ń bo iná mọ́lẹ̀, kò pa á. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ìṣìṣe kejì ló gùn. Ìwọ ò mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí o wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Minna nígbà yẹn.

Ọdún tí bàbá rẹ kú, Ìyá Délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi gbé ní Orozo títí n óò fi bọ́ aṣọ dúdú. O mọ̀ ọ́n, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì bẹ̀rù rẹ̀. Mo ti pinnu pé kò ní sí ohun tí yóò ká mọ́ mi lọ́wọ́ tí yóò fi sọ pé ìyàwó àbúrò òun ò ṣọ̀fọ̀ dáadáa. Mi ò kun àtíkè. Mi ò lọ síbi ìnáwó kankan. Bí àwọn ará ìsọ̀ bá ń ṣàwàdà ní ọjà Wuse tí mo ti ń tajà, màá yí ojú sí ara síìpù, màá máa wò ó bí ẹni tó ń ka eyín rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo ti ń ka eyín síìpù ni eyín tèmi ti bẹ̀rẹ̀, apá òkè lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti kọ́gbọ́n, mi ò fi aáṣáà sí i. Mo lọ sí ilé ìwòsàn eyín. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan báyìí, ọmọ Kàbbà, Yorùbá rẹ̀ ní adùn Okun nínú, ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní ó ṣe é tọ́jú, kò ní yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ mi. Mo di apá àga mú bí ẹni tó wọ ọ̀kadà oníjàgídíjàgan.

Ó ní, “Mama, ẹ fara balẹ̀. A ní gáàsì kan tí a lè fún yín tí ẹ̀rù ò fi ní bà yín. Gáàsì ẹ̀rín ni wọ́n ń pè é.”

Mo ní, “Gáàsì kí ni?”

“Ẹ̀rín, Mama.”

Mo wo ara mi láti òkè dé ilẹ̀. Gèlè dúdú, bùbá dúdú, ìró dúdú, bàtà dúdú. Mo dìde, mo mú báàgì mi, mo ní mo fẹ́ sáré lọ ra káàdì fóònù. Mi ò padà.

Kí ni kí n ṣe? Bàbá rẹ kò tíì pẹ́ nílẹ̀, èmi opó rẹ̀ á wá jókòó ní Wuse, kí n máa rẹ́rìn-ín kèékèé tí gbogbo ilé á máa gbọ́? Ẹni tó bá gbọ́, ṣé yóò dúró kí a sọ fún un pé gáàsì ni? Ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí èmi tó dé Orozo. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ó sì jọ ọgbọ́n lójú mi. Mo fi orúkọ lásán dá nǹkan lẹ́jọ́, mi ò béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èmi tí mi ò lè ra sísọ́ọ̀sì kan láì dán an wò lára aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ògì láàárọ̀, ògì lálẹ́. Bí Ìyá Délé bá béèrè, màá ní eyín náà ti ń gbọ́ràn. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó gbé iyán síwájú mi, tí ó sì dúró lé mi lórí.

“Ìyàwó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ yìí, ṣé iṣu lo fi pamọ́ síbẹ̀ ni?”

“Ó ti ń rọlẹ̀, Ìyá.”

“Irọ́ nìyẹn. Kí ni dókítà sọ?”

“Ó ní kí n padà wá.”

“Kí ló wá dé tí o ò padà?”

Ó fa àga, ó jókòó kò mí lójú. Bí Ìyá Délé bá ti jókòó báyẹn, kì í dìde títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Mo bá sọ ọ́. Mo ní wọ́n fẹ́ fi gáàsì sí mi nímú tí yóò mú mi rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “O wá fẹ́ kú nítorí ẹ̀rín.”

“Aṣọ dúdú ló wà lára mi, Ìyá. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.”

“Áà. Èmi ni o ń sá fún.”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Mi ò bínú. Àbúrò mi tí o ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni mò ń rò. Ẹni tó bú sẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú ìyá tó bí àwa méjèèjì, nítorí pé ewúrẹ́ wá jẹ òdòdó orí pósí. Bàbá wa ń wò ó, pásítọ̀ ń wò ó, ó ń rín in lọ. Òun ni o rò pé yóò bínú sí ọ?” Ó dìde. “Lọ wọ bàtà rẹ. Màá tẹ̀ lé ọ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó rẹ́rìn-ín, màá ní èmi ni.”

Bí mo ṣe padà síbẹ̀ nìyẹn, Rónkẹ́. Ìyá Délé jókòó sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú báàgì mi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, dókítà sì fi ìbòmú kékeré kan bò mí nímú. Rọ́bà ni, kò tóbi ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, imú nìkan ló bò, ẹnu wà lóde fún iṣẹ́. Okùn rọ́bà méjì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí gan-an ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n kàn fi gáàsì náà lú u díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ní kí n máa fi imú mí.

Èmi, mo ń fi ẹnu mí. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ó dúró, ó wò mí. “Mama, ẹ ń rẹ́ mi jẹ.”

“Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín ni.”

“Orúkọ ni wọ́n kàn ń pè é bẹ́ẹ̀, Mama. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ ò ní sùn, ẹ ò ní sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ sọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ na ọwọ́ òsì sókè, màá pa á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan lára yín mọ́.”

Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí n bá sì ti gbọ́ ká ní mo dúró béèrè. Mo pa ẹnu dé, mo fi imú mí.

Ara mi kọ́kọ́ móoru láti àtẹ́lẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn ọjà. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ìka mi. Mo gbọ́ ohùn wọn, mo mọ ibi tí mo wà, mo mọ orúkọ mi. Ẹ̀rù náà ò lọ, kí n má purọ́ fún ọ. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí àpò ẹlòmíràn nínú mọ́tò tí mo wọ̀: mo ń wò ó, mo sì mọ̀ pé èmi kọ́ ni màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú. Mo mọ̀ pé wọ́n gún mi. Kò kàn jọ mí lójú ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ní nínú ara mi pé, maṣíìnì ta ni wọn ò da òróró sí yìí?

Níbẹ̀ ni bàbá rẹ ti wọlé sí mi lọ́kàn. Ṣé o rántí ajá onílé wa? Bí ó ṣe máa ń tẹrí ba kí i ní “sànnu” lédè Haúsá ní gbogbo òwúrọ̀, tí ó ní ọmọ ìlú yìí ni ajá náà, kò gbọ́ Yorùbá, kí a má ṣe àfojúdi sí i? Mo rí i tó dúró pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń retí pé kí ajá dáhùn “yauwa.” Ẹ̀rín jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, pẹ̀lú òwú nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, pẹ̀lú aṣọ dúdú. Kì í ṣe kékeré. Dókítà ní láti gbé ọwọ́ kúrò kí n tó rín in tán.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi afẹ́fẹ́ lásán sí mi nímú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú mi dá ṣáká. Mo bá Ìyá Délé níbi tí mo fi í sí. Ó fún mi ní báàgì mi, a wọ takisí ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. A ti kúrò ní ìlú kí ó tó ní, “Mo gbọ́ ọ.”

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó tún ní,

“Kí lo rántí?”

Mo ní, “Ajá onílé, mà. Bó ṣe máa ń kí i.”

Ó yí ojú sí fèrèsé. Mo rò pé ó ń sunkún. Àṣé ẹ̀rín ni, èjìká rẹ̀ ló ń mì. Ó ní, “Ó kí màlúù bẹ́ẹ̀ rí ní Ògbómọ̀ṣọ́.” Ni èmi náà bá tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti kú, itọ́ ń dà sí mi láyà. Awakọ̀ wò wá nínú díńgí, ó ní, “Kai, Hajiya, lafiya?” Ó ń béèrè bóyá àlàáfíà la wà. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti gáàsì mọ́, ti gáàsì ti tán ní Wuse. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti lè máa pe orúkọ bàbá rẹ sókè.

Ó tó. Jẹ́ kí n sọ ohun tí o máa ṣe.

Ojoojúmọ́ tó kù yìí, fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu, kí o sì máa po ògì gbígbẹ tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí mu, má fi ebi pa ara rẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jẹ nǹkan díẹ̀ tó fúyẹ́ kí o tó kúrò nílé, má jẹ iyán. Gáàsì náà máa ń rin àwọn mìíràn nínú, ikùn tó kún ló sì máa ń fi ẹ̀sùn kàn án.

Sọ òtítọ́ fún dókítà. Gbogbo oògùn tí o ti lò, títí kan èyí tí o fi pamọ́ fún Túndé. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ọ́ tí imú dí, sọ ọ́, nítorí imú ni ọ̀nà. Bí etí bá ń dùn ọ́ tàbí àyà bá ń dí ọ, sọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé oṣù rẹ ti yẹ̀, sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ìbòmú náà sún mọ́ ọ, nítorí wọn kì í sábà fún aláboyún, pàápàá tí oyún bá ṣì kéré. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n máa gbà tọ́jú rẹ. Mi ò béèrè nǹkan kan o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ dá mi lóhùn, mo wà nílé.

Fi imú mí. Má gbọ́n jù bíi tèmi.

Má retí pé gáàsì á ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ni ti ìrora, gáàsì ni ti ẹ̀rù. Ìwọ tí abẹ́rẹ́ kò mú lọ́jọ́sí, sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pé kí ó dán ibẹ̀ wò dáadáa, kí ó sì dúró bí o bá na ọwọ́. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní òun ò ní fi nǹkan kan kan eyín náà títí o fi máa sọ pé ó ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn ni yóò kọ́kọ́ fún ọ kí wíwú náà lọ sílẹ̀, kí ó tó ṣe èyí tó kù. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, má fi ṣe àwáwí pé o ti yege. Wàá padà lọ.

Owó gáàsì náà lọ́tọ̀ ni, kì í ṣe kékeré, mo sì ná an títí ojú fi ń ti akọ̀wé wọn. Má dá sí i. Àwọn kan ní ọ̀ṣọ́ ni, pé kí èèyàn kàn gbára dì. Èmi tí mo máa ń ṣírò owó takisí kí n tó jáde nílé ni mo sọ fún ọ pé kò wọ́n. Eyín tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí a tọ́jú ló wọ́n.

Èyí tó kù jẹ mọ́ ilé rẹ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọkọ, o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, o sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí ọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti wọ aṣọ yẹn rí, dúdú ni tèmi. Mo rò pé Ìyá Délé wá ṣọ́ mi ni, àṣé ó wá dúró tì mí ni, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí eyín pa mí kí n má baà já a kulẹ̀. Túndé tó pè mí yẹn, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ ló rò. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí nǹkan bá ń bà ọ́ lẹ́rù, sọ ọ́ fún ọkọ rẹ ní orúkọ tó ń jẹ́, má jẹ́ kí ó máa wò ó láti ara ìrọ̀rí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ náà mọ̀. Ọmọdé máa ń mọ̀ bí tíṣà wọn bá ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Wọn kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ìgbà tí o ti débẹ̀, èmi náà ò gbọ́ ọ lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rín bàbá rẹ gan-an ni, o mọ̀? Èyí tó ń kọ́kọ́ gba imú jáde.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí Túndé fi mọ́tò gbé ọ wá tàbí kí ẹ wọ mọ́tò tó ń kúrò ní kùtùkùtù. Bí ẹ bá dé ẹnu géètì tí ẹsẹ̀ rẹ kò gbé e mọ́, má yí padà, dúró síbẹ̀ ni. Èmi á ti wà nínú, n óò jáde wá bá ọ. A lè dúró lẹ́nu géètì náà títí o fi máa ṣetán, mo ti ní kí ọmọ ìsọ̀ kejì bá mi ṣí ìsọ̀.

Kò sẹ́ni tí yóò di ẹsẹ̀ rẹ mú níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò di ọwọ́ rẹ. Èmi tí mo di orí rẹ mú lọ́jọ́sí, ìta ni màá jókòó sí, níbi tí Ìyá Délé jókòó sí. Bí o bá fẹ́ kígbe, kígbe. Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rín in dé òpin. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, màá ní èmi ni. Báàgì rẹ ni màá dì mú lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti wà lórí àga yẹn rí tó sì dìde.